Lẹ̀ Kan Péré

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ.

Ọ̀kan nínú yín ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó sì mọ ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó wọlé wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ mi ti ń tàìpù, tí ó sì ń ṣe fótókópì, ní Ọbaníkòró níhìn-ín. Èmi náà kò ní iṣẹ́ gidi kan tí mò ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Àga ni mo máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá tẹ ìwé tán, wọn á mú un wá fún mi kí n wò ó bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ojú ti ń rẹ̀ mí, àmọ́ ojú tó ti ka púrúùfù fún ogójì ọdún kì í gbàgbé iṣẹ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó na ìwé àròkọ rẹ̀ sí mi. Tíṣà ní kí wọ́n kọ nípa àdúgbò wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà yìí kan náà ti wá fi bírò pupa rọgbà yí ọ̀rọ̀ kan ká níbi mẹ́ta: whereas, whereas, whereas. Kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju àmì ìbéèrè lọ.

“Bàbá, kí ni mo ṣe fún un?”

“Fún tíṣà ni, àbí fún whereas?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Máàkì tí wọ́n fún un kò ṣeé gbé délé.

Mo ní kí ó ka gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè sí mi létí. Àkọ́kọ́: “Obanikoro is a place whereas many people pass every day.” Èkejì: “My father is a trader. Whereas my mother is a teacher.” Ẹ̀kẹta: “Although it rained, whereas we went to school.” Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi, kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń yí lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ni àṣìṣe yẹn. Àwa àgbà náà ń ṣe é. Mo ti rí i nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo ti rí i nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ kọ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan bàbá arúgbó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó tàbí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, Ṣómólú ni wọn yóò darí rẹ̀ sí. Ẹ̀yin bá Kord àti GTO nílẹ̀, àwọn ẹ̀rọ Heidelberg tí ń fi pílétì tẹ̀wé, ẹ tún ti kúrò níbẹ̀ báyìí, DI, ìyẹn ìtẹ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà, lẹ ń sọ. Nígbà tí èmi wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, lẹ́tà olójé la ń tò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan la ń ṣà láti inú àpótí, a ó tò ó sórí irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ òsì wa, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀tún rẹ̀ lósì, bí ẹni ń ka ìwé nínú dígí. Ẹni tó bá ń to Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀: lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ kì í pọ̀ nínú àpótí, èyí tó ní àmì ohùn lórí ṣọ̀wọ́n ju owó lọ. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kì í fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e wò, ó mọ bí ó ti wúwo tó.

Ó dáa. “A place whereas many people pass.” “Where” ni ó yẹ kí ó kọ síbẹ̀, tíṣà kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa èmi, torí ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí ń gbé ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹni tí ìbá yọ bírò pupa sí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dì pọ̀ di whereas, “where” àti “as”, ibi ni ó sì kọ́kọ́ ń tọ́ka sí: níbi tí nǹkan gbé wà, níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó kúrò lórí ilẹ̀, ó bọ́ sínú èrò. Kò tọ́ka sí ibi mọ́, ọ̀rọ̀ ni ó wá ń gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan nìyẹn. Àwa náà rin ọ̀nà kan náà. Ẹ gbọ́ èyí: “Níbi tí àwọn kan ti ń wá omi tí wọn yóò mu, àwọn kan ń fi omi ẹ̀rọ fọ mọ́tò.” Ibo ni “níbi tí” yẹn? Kò sí àdúgbò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi méjì la gbé síwájú ara wọn kí olùgbọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò ní ohun tí ó bá whereas dọ́gba kò tíì tẹ́tí sí ìyá rẹ̀ dáadáa ni.

Èyí tó wá gba àlàyé ni bí ó ṣe yàtọ̀ sí “but”, tí í ṣe ṣùgbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò bá àwọn mẹ́ruwà àtijọ́ nílé. Àwọn ọkùnrin Hausa ni, tí wọ́n ń gbé omi kiri tà láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀pá kan ló máa ń wà léjìká wọn, agolo omi kan níwájú, agolo kan lẹ́yìn. Bí o bá yọ ti iwájú, ti ẹ̀yìn á dà sílẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lè ṣubú. Ọ̀pá yẹn ni whereas. Agolo méjì ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ nínú wọn. “The BRT has its own lane, whereas the danfo has none.” Láti ọdún 2008 tí àwọn bọ́ọ̀sì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú títì Ìkòròdú ni wọ́n ti ní ọ̀nà tiwọn, dánfó kò ní. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Mi ò bú dánfó, mi ò sì yin BRT. Mo gbé wọn sí èjìká kan náà ni.

Nítorí náà ni “My father is a trader. Whereas my mother is a teacher” kò fi lè dúró. Ó fi àmì ìdánudúró gé ọ̀pá náà sí méjì. Bàbá wà ní agolo kan, ìyá wà ní agolo kejì, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Kọ́mà ni kí ó fi síbẹ̀, kí ó sì tẹ̀ síwájú: “My father is a trader, whereas my mother is a teacher.” “However” lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tirẹ̀ láìṣe pé ẹnikẹ́ni di ọwọ́ rẹ̀ mú. Whereas kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi í bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé agolo méjèèjì wá kí ẹ tó dánu dúró.

Yorùbá ní ọ̀pá yìí náà, kì í sì í pariwo rárá: “ní tirẹ̀”. Táíwò mọ ìṣirò, Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ mọ àwòrán yà. Ẹ fi èyí wé ohun tí ìyá tí inú ń bí máa ń sọ: Táíwò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé mọ àwòrán yà. Ẹ ó ti gbọ́ ọ. Kẹ́hìndé ti jẹ gbèsè ohun kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a pààrọ̀. Ṣùgbọ́n máa ń fi èjìká gún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó lò nínú whereas àti “although”, ẹ yí gbólóhùn náà padà, kí iwájú di ẹ̀yìn. “Dánfó kò ní ọ̀nà tirẹ̀, whereas BRT ní.” Ó ṣì dọ́gba, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó yá, ẹ yí ti òjò padà: “Bí a tilẹ̀ lọ sílé ìwé, òjò rọ̀.” Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ó wá dà bí ẹni pé òjò ló yẹ kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ wa kó tó rọ̀. “Although” ní ìdènà nínú: òjò fẹ́ dí wa lọ́nà, a sì borí rẹ̀. Whereas kò ní ìdènà kankan. Ọ̀rọ̀ ìfiwéra ni.

Ibi tí ọmọ wa ti kọ “Although it rained, whereas we went to school” nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ gbèjà rẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú yín, “Although it rained, but we went” lẹ máa ń kọ. Òun rò pé whereas jẹ́ “but” tó wọ kóòtù ni, ó fi í rọ́pò. Àwọn kan á ní òpè ni ẹni tó kọ ọ́. Kì í ṣe òpè. Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ní èdè wa, ẹsẹ̀ méjì ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fi ń rìn: bí òjò tilẹ̀ rọ̀, síbẹ̀ a lọ. Lóòótọ́ òjò rọ̀, ṣùgbọ́n a lọ. Bí ẹ bá yọ “síbẹ̀” tàbí “ṣùgbọ́n” yẹn, etí àgbà á máa dúró de nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló ń fò lọ: tí “although” bá ti wọlé, “but” á jókòó sílé. Ẹ yan ọ̀kan.

Ìjà èdè méjì yìí ti wà ní Èkó tipẹ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì kàwé ní Freetown, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jáde ní 1843. Ẹ ronú ohun tó jẹ́ láti jókòó pinnu èyí tí ẹ ó fi túmọ̀ “but”, nígbà tí ìwé tí ẹ lè ṣí wò kò tó nǹkan. Ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní Erékùṣù Èkó. Báríga ni ilé ìwé náà wà lónìí, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi o, ṣùgbọ́n màá ta tẹ́tẹ́ lé e pé àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn kọ “although” pẹ̀lú “but”, tí Macaulay sì fa ìlà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó gbàgbé. Ní Èkó wa, ẹ kì í fi whereas ṣe ìfiwéra lásán, ìdí ènìyàn lẹ máa ń fi í tú. “He said he had no money, whereas he had just bought a phone.” Gẹ̀ẹ́sì tó dára ni, mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ní nílé pọ̀ ju èyí tí ẹ yá lọ. Kọ̀ńdọ́ dánfó ní òun kò ní ṣénjì, bẹ́ẹ̀ ṣénjì kún ọwọ́ rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ní òun kò ní ṣénjì, àṣé ṣénjì kún àpò rẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni? Nínú ti àkọ́kọ́, mo ń wò ó bí ó ṣe ń parọ́ lójú mi kòrókòró. Nínú ti èkejì, ó ti tàn mí jẹ, ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọbaníkòró ni mo tó mọ̀. Whereas kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì á fi sọ méjèèjì, kò sì ní sọ fún yín bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà “àmọ́” tí à ń sọ lójoojúmọ́ yìí pàápàá, àlejò ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló ti bá wa wá, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ó ti wá pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé a ti fún un ní yàrá.

Whereas kan tún wà tí kò fi nǹkan wé nǹkan rárá, òun sì ni ó lè gba owó lọ́wọ́ yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé ilẹ̀ wá nígbà kan kí a bá a ṣe fótókópì rẹ̀. Ó fẹ́ san owó ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Ó yẹ ìwé náà wò, ó wá bi mí: “Bàbá, ta ni wọ́n ń bá jiyàn níbí?” WHEREAS mẹ́rin ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, lẹ́tà ńláńlá, ọ̀kan lórí èkejì. Òun rò pé olùtà àti olùrà ti ní gbọ́nmisi-omi-ò-tó.

Kò sí ẹni tó ń jiyàn. Nínú ìwé òfin, “bí ó ti jẹ́ pé” ni whereas. Ìtàn ló ń sọ: bí ó ti jẹ́ pé ìdílé báyìí ló ni ilẹ̀ yìí látilẹ̀wá, bí ó ti jẹ́ pé wọ́n pín in fún lágbájá, bí ó ti jẹ́ pé lágbájá gbà láti tà á. Ìgbà tí ìtàn bá tó ni wọn yóò wá kọ ọ́ pé “now this deed witnesseth”, ibẹ̀ ni títà gangan ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti ka àwọn whereas náà. Ó ní rárá, iye owó àti ibi ìbuwọ́lù ni òun wò. Bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Ibi tí ẹ ń fò yẹn gan-an ni kí ẹ kà! Bí whereas bá ní ilẹ̀ ẹbí ni, ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí buwọ́ lù ú. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, òfo ni títà náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé olórí ẹbí dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí nínú rẹ̀, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì gbà á padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka tirẹ̀ lójú mi. Whereas kejì ní ìdílé kan ló tà á, whereas kẹta dárúkọ ìdílé mìíràn. Ó ká ìwé rẹ̀, ó gbàgbé fótókópì.

Irú whereas yìí náà ni wọ́n fi ṣí Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948. Méje ni whereas tó wà lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ohun tí wọ́n fẹ́ kéde. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kò sí ṣùgbọ́n níbẹ̀. “Bí ó ti jẹ́ pé” ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìtumọ̀ yẹn mọ iṣẹ́, mo kí i.

Ẹ tún un wò: bí ó ti jẹ́ pé. Kì í ṣe bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé. Lẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ iye tí lẹ̀ kan ń jẹ́.

Ọdún 1979 ni. Mo ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti fi ọkàn tán mi débi pé ó ń fún mi ní ìwé ìsìnkú tò láìdúró tì mí. Ìdílé kan mú ìtàn ìgbésí ayé ìyá wọn wá, 300 ẹ̀dà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òrogún mẹ́ta ni màmá wa bá nílé ọkọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.” Mo ń tò ó lọ. Nígbà tí mo dé “tilẹ̀”, ẹ tó ní àmì lórí tó ní àmì lábẹ́ tán nínú àpótí. Mo ní màá to ìyókù ná, kí n tó lọ yọ ọ̀kan níbòmíràn. Wọ́n pè mí jẹun. Mi ò rántí lẹ̀ mọ́.

Mo ka púrúùfù, mi ò rí i. “Bí ó ti jẹ́ pé” kò jọ àṣìṣe, ẹ ṣáà rí i. Yorùbá tó dán mọ́rán ni. A tẹ̀ ẹ́, a gé e, a dì í. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àkọ́bí olóògbé wá gbà á, ìsìn àìsùn sì di ọjọ́ Ẹtì. Ó dúró lórí ìdúró, ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè.

“Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rù ń ba ìyá mi?”

Kò yé ọ̀gá mi. Ọkùnrin náà fi ìka sí ojú ìlà: Bí ó ti jẹ́ pé òrogún mẹ́ta ni màmá wa bá nílé ọkọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ìyẹn ni pé nítorí pé àwọn ìyàwó yòókù pọ̀ jù ú lọ ni obìnrin náà fi pa ẹnu mọ́. Obìnrin tó fi sùúrù gbé ilé ọkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti sọ ọ́ di ojo nínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Àwọn òrogún náà ṣì wà láyé, wọ́n á sì jókòó síwájú.

Ọ̀gá mi kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí. Ó ní kò sí owó bébà fún àtúntẹ̀, kò sì sí àyè. Ó ra bírò aláwọ̀ búlúù mẹ́ta. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, àtùpà la tàn. Èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ méjì jókòó sílẹ̀, a ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé kẹta, ìlà kẹsàn-án, lẹ̀. Ewé kẹta, ìlà kẹsàn-án, lẹ̀. Nígbà tí a fi máa kọjá 200, lẹ̀ tèmi ti ń wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, àmì abẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìlà tó tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kí a tó parí. Mo fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ó wà nínú àpótí mi títí di òní, búlúù rẹ̀ ti ń di pupa.

Látìgbà yẹn, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹ́rí padà ni mo máa ń tẹ́tí sí. Wọ́n máa ń wá bi mí léèrè nípa ọmọ tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí, bóyá ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, bóyá ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún un. Mo mọ̀ pé ohun tó bá tẹ̀lé ṣùgbọ́n ni wọn yóò gbé lọ sílé. “Olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ dé” àti “Ó máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni, irọ́ kò sí nínú ọ̀kankan. Ti àkọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ti èkejì fún un níṣẹ́. Mo ti sọ èyí àkọ́kọ́ rí, nígbà tí inú ń bí mi sí ọmọ kan. Wọn kò gbà á. Ó ti pẹ́ tí inú tó ń bí mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kò padà wá bá a.

Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé síra yín lórí fóònù yẹn, ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé sí ẹ̀yìn ṣùgbọ́n. “Ẹ ṣeun, Mọ́mì, ṣùgbọ́n owó náà kò tó.” Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ yí i padà, ẹ tún gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ aláròkọ yẹn padà wá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀, n kò fi bírò kọ ọ́, kí tíṣà má baà rò pé mò ń bá òun du àga. A tún “where” ṣe. A so bàbá ọlọ́jà àti ìyá tíṣà mọ́ ọ̀pá kan náà. Ó kù ti òjò. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Although it rained, we went to school.” Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìdí bírò ha orí.

“Bàbá, ó ṣe mí bí ẹni pé nǹkan já bọ́ níbẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ tí n kò bá rí but.”

“Ọkàn tèmi náà kò tíì balẹ̀ títí di òní. Kọ́mà rẹ ńkọ́?”

“Mo ti fi sí i, sà.”

“Ó dáa, lọ tẹ̀ ẹ́.”